Ulé Tàbí Ilé? Ìtumọ̀ àti Orísun Àwọn Ọ̀rọ̀ Ẹ̀ka-Èdè ní Ilé-Ifẹ̀

Nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú, tí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ sì ṣí ìwé kíkà rẹ̀ síwájú fìtílà, ohun kan a máa ṣẹlẹ̀ ní ọ̀pọ̀ agbo ilé ní Ilé-Ifẹ̀ àti ní àwọn abúlé tí ó yí i ká. Ọmọ náà yóò ka "ilé" jáde bí ó ti wà nínú ìwé. Ìyá àgbà tí ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan yóò sì wí pé "ulé" ni òun mọ̀. Ọmọ yóò rẹ́rìn-ín, yóò ní ìyá àgbà kò gbọ́ Yorùbá dáadáa. Ìyá àgbà yóò dákẹ́, nítorí pé òun kò kàwé, ó sì gbà pé ẹni tí ó kàwé ni ó mọ èyí tí ó tọ̀nà.

Ẹ̀rín ọmọ náà kò ní ìkà nínú, ṣùgbọ́n àdánù ńlá ni ó ń fà. Bí ìyá àgbà bá ti dákẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, kò ní í sọ "ulé" mọ́ níwájú ọmọ náà. Nígbà tí ó bá sì re ibi tí àgbà ń rè, ọ̀rọ̀ náà a bá a lọ. Ẹ̀kọ́ yìí fẹ́ fi hàn pé "ulé" kì í ṣe àṣìsọ. Ọ̀rọ̀ tí ó ní ìran ni, ẹ̀rí sì wà pé ó ti wà tipẹ́tipẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó fi Yorùbá tẹ ìwé.

BÍ YORÙBÁ INÚ ÌWÉ ṢE BẸ̀RẸ̀

Ẹni tí yóò bá mọ ipò tí ọ̀rọ̀ ìlú rẹ̀ wà, ó yẹ kí ó kọ́kọ́ mọ ibi tí Yorùbá inú ìwé ti wá. Orúkọ náà "Yorùbá" pàápàá kì í ṣe orúkọ gbogbo ọmọ Oòduà ní àtètèkọ́ṣe. Ahmad Baba, ọ̀mọ̀wé ará Timbuktu, dárúkọ rẹ̀ nínú ìwé tí ó kọ ní 1615. Àwọn Hausa sì ń lò ó fún àwọn ará Ọ̀yọ́. Ní ayé ìgbà náà, ará Ìjẹ̀bú ń jẹ́ ará Ìjẹ̀bú, ará Ìjẹ̀ṣà ń jẹ́ ará Ìjẹ̀ṣà, ará Ifẹ̀ sì ń jẹ́ ará Ifẹ̀.

Nígbà tí ogun àti òwò ẹrú tú ìlú ká ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì a máa gba àwọn ẹrú lọ́wọ́ àwọn tí ń kó wọn kọjá lójú òkun, wọn a sì kó wọn lọ sí Freetown ní ilẹ̀ Sàró. Ibẹ̀ ni ará Ẹ̀gbá, ará Ọ̀yọ́, ará Ìjẹ̀ṣà àti àwọn ará ìlú mìíràn ti di aládùúgbò. Nítorí pé "ẹ kú" ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ gbogbo ìkíni wọn, àwọn ará Freetown sọ wọ́n ní "Aku". John Raban, tí ó jẹ́ míṣọ́nnárì ìjọ CMS, tẹ ìwé kékeré jáde láàárín 1830 àti 1832 lórí èdè tí ó pè ní "Eyo" tàbí "Aku". Ọ̀yọ́ ni "Eyo" náà.

Samuel Ajàyí Crowther wà lára àwọn tí ọkọ̀ ogun gbà là. Òṣogùn ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́ ni a ti bí i. Wọ́n kó o lẹ́rú ní 1821, ó sì dé Freetown ní 1822. Ní 1843 ó tẹ ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde, ní 1852 ó sì tún fi kún un. Nígbà tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí túmọ̀ Bíbélì, èdè ilé rẹ̀ ni ó fi ṣe ìpìlẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n tún mú nínú ọ̀rọ̀ àwọn ará ìlú mìíràn tí wọ́n ń bá gbé. Ní 1875, ìpàdé kan wáyé ní Èkó láti fìmọ̀ ṣọ̀kan lórí bí a ó ti máa kọ èdè náà sílẹ̀. Ní 1884, Bíbélì Yorùbá parí látòkèdélẹ̀.

Nítorí náà, Yorùbá inú ìwé dàbí ọjà tí gbogbo ìlú ń ná. Igbá ará Ọ̀yọ́ ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti Ọ̀yọ́ nìkan. Àwọn ará Ìbàdàn, tí ọ̀rọ̀ wọn súnmọ́ ti ìwé pẹ́kípẹ́kí, a máa fi "s" pe ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ tí ìwé fi "ṣ" kọ. Bí ìwé bá jẹ́ òdiwọ̀n ohun tí ó tọ̀nà lẹ́nu, àwọn náà yóò di aṣìsọ. Ìwúlò ọjà yìí pọ̀ púpọ̀: lẹ́tà tí ará Ìkálẹ̀ bá kọ, ará Ìsẹ́yìn lè kà á kí ó sì yé e. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń ná ọjà kò gbọdọ̀ sọ pé àwọn tí ó wà nílé kò ní nǹkan.

ỌKÙNRIN TÍ Ó KÓ Ọ̀RỌ̀ WỌN JỌ

Ní Freetown yìí kan náà, ọkùnrin kan wà tí kò fẹ́ kí a fi orúkọ kan bo gbogbo wọn. Sigismund Koelle ni orúkọ rẹ̀, ọmọ ilẹ̀ Jámánì tí ìjọ CMS rán níṣẹ́. Ó jókòó ti àwọn tí a ti dá sílẹ̀ lóko ẹrú, ó ń bi wọ́n léèrè lọ́kọ̀ọ̀kan: kí ni ẹ ń pe orí, kí ni ẹ ń pe omi, kí ni ẹ ń pe ilé? Ní 1854 ó tẹ ìwé ńlá kan jáde, Polyglotta Africana, nínú èyí tí ọ̀rọ̀ tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 300 wà ní èdè tí ó lé ní 100.

Nínú ìwé náà, Koelle kó Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀ṣà, Yàgbà, Ìjùmú, Ọ̀wọ́rọ̀, Ìjẹ̀bú, Ifẹ̀ àti Oǹdó sí ìdí kan, ṣùgbọ́n ó fún olúkúlùkù ní àyè tirẹ̀. "Aku" ni ó pe gbogbo wọn pọ̀, ó sì sọ ọ́ gbangba pé kò tọ́ láti máa fi "Yorùbá", tí í ṣe orúkọ ẹ̀yà kan, pe gbogbo wọn. Orúkọ tí ó kọ̀ ni ó borí níkẹyìn, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ó ṣe kò run. Ìlú àjèjì ni àwọn tí ó bi léèrè ń gbé. Ọ̀rọ̀ ẹnu wọn nìkan ni wọ́n mú kúrò ní ìlú wọn, ọ̀rọ̀ náà sì wà nínú ìwé títí di òní.

ÌDÍLÉ MẸ́TA

Ní 1967, Abíọ́dún Adétùgbọ́ parí ìwádìí kan lórí bí a ti ń sọ Yorùbá káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà. Ó pín àwọn ẹ̀ka-èdè náà sí ìdílé mẹ́ta. Èkíní ni ti Àríwá-Ìwọ̀-Oòrùn, nínú èyí tí Ọ̀yọ́, Ìbàdàn àti Ẹ̀gbá wà. Èkejì ni ti Gúúsù-Ìlà-Oòrùn, tí Oǹdó, Ọ̀wọ̀, Ìkálẹ̀, Ìlàjẹ àti Ìjẹ̀bú wà nínú rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni ti Àárín Gbùngbùn: Ifẹ̀, Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì.

Ìdílé Àárín Gbùngbùn yìí wà bí ẹni tí ó dúró ní ìkóríta. Ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá ti Ọ̀yọ́ mu, ṣùgbọ́n ó pa ohùn àtijọ́ mọ́ ju àwọn yòókù lọ. Yorùbá inú ìwé ní fáwẹ̀lì àìránmúpè méje: a, e, ẹ, i, o, ọ, u. Ní Àárín Gbùngbùn, àwọn onímọ̀ rí mẹ́sàn-án. Méjì tí ó lé náà súnmọ́ "i" àti "u", ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú wọn. Ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́, wọ́n ti wọ inú "i" àti "u" lọ, a kò sì mọ̀ wọ́n yàtọ̀ mọ́. Nítorí náà kò sí lẹ́tà fún wọn nínú ábídí tí a ń kọ́ ọmọdé. Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà; Yorùbá inú ìwé ní aṣọ púpọ̀, ṣùgbọ́n àkísà àtijọ́ wà lọ́wọ́ ìyá àgbà.

Ọ̀RỌ̀ TÍ Ó BẸ̀RẸ̀ PẸ̀LÚ "U"

Ẹ jẹ́ kí á padà sí orí "ulé". Nínú Yorùbá inú ìwé, kò sí ọ̀rọ̀ orúkọ tí ó ń fi "u" bẹ̀rẹ̀. Ní Ifẹ̀, Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì, wọ́n pọ̀: ulé ni ilé, ùlú ni ìlú, uṣu ni iṣu, uṣẹ́ ni iṣẹ́, ùyà sì ni ìyà. Kì í ṣe pé ẹnu àwọn ará ibẹ̀ wúwo. Àwọn onímọ̀ èdè fi hàn pé "u" yìí ni ó wà tẹ́lẹ̀, àti pé ìhà Ìwọ̀-Oòrùn ni ó yí i padà sí "i". Àwọn ará Ígálà, tí èdè wọn jẹ́ mọ̀lẹ́bí Yorùbá tí wọ́n sì ń gbé ní ìlà-oòrùn Odò Ọya, ń pe ilé ní "unyi". Wọn kò wá sí Ilé-Ifẹ̀ láti kọ́ "u" yìí. Wọ́n bá a nílé baba wọn.

Ẹ̀rí mìíràn wà nínú ìlú Ifẹ̀ fúnra rẹ̀. Gbogbo ẹni tí ó kàwé mọ̀ pé "ní" a máa di "l" bí fáwẹ̀lì tí ó tẹ̀ lé e kì í bá ṣe "i". Ní ọjà di lọ́jà, ní oko di lóko. Ṣùgbọ́n ní ilé kì í di "lílé", nílé ni a ń wí. Ẹni tí ó ń pe "ulé" kò ní í sọ "nílé". "Lúlé" ni yóò wí, nítorí pé "u" ni ó tẹ̀ lé e.

Nísinsìnyí, ẹ wo oyè Ọbalúfẹ̀, tí a tún ń pè ní Ọ̀rúntọ́, tí ó jẹ́ olórí àwọn ìjòyè ìgboro ní Ilé-Ifẹ̀. Bí a bá tú orúkọ náà, Ọba-ní-Ùfẹ̀ ni. Ẹni tí ó kọ́kọ́ pe oyè yìí kò pe ìlú rẹ̀ ní Ifẹ̀. Bí ó bá pè é bẹ́ẹ̀, "Ọbanífẹ̀" ni oyè náà ìbá máa jẹ́. Ùfẹ̀ ni ó pè é. Ojoojúmọ́ ni àwọn tí ń rẹ́rìn-ín "ulé" ń pe oyè Ọbalúfẹ̀ láìmọ̀ pé "u" kan náà ni wọ́n ń pè.

OHUN TÍ ARÁ Ẹ̀DÓ GBỌ́

Bí ẹni kan bá ní ẹ̀rí inú ilé kò tó, kí ó lọ bi aládùúgbò. Àwọn ará Ẹ̀dó ní ìlú Bìní, tí ìtàn wọn so ọba wọn mọ́ Ilé-Ifẹ̀ láti ọwọ́ Ọ̀rànmíyàn, kì í pe Ifẹ̀ ní Ifẹ̀. "Uhe" ni wọ́n ń pè é, wọ́n sì ń pe Ọọ̀ni ní "Oghene n'Uhe". Ìró "f" àti "h" súnmọ́ ara wọn. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ṣe pàtàkì ni "u" tí ó wà níwájú. Ohun tí etí ará Ẹ̀dó gbọ́ láyé àtijọ́ ni ẹnu wọn mú dání: Ùfẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí tilẹ̀ kan àwọn Potogí. João de Barros, òpìtàn wọn, kọ ọ́ sínú ìwé tí ó jáde ní 1552 pé ní nǹkan bí 1486, ìránṣẹ́ ọba Bìní sọ fún ọba Potogí nípa ọba ńlá kan tí ń jẹ́ "Ogané". Ọ̀dọ̀ ọba yìí, ni ó wí, ni ọba tuntun ní Bìní ti ń gba ọ̀pá, adé àti àgbélébùú idẹ kí àwọn ènìyàn tó gbà pé ó jọba. Ọ̀pọ̀ òpìtàn rí "Oghene" nínú "Ogané", wọ́n sì gbà pé Ọọ̀ni ni. Ṣùgbọ́n ní 1965, A. F. C. Ryder kọminú sí i, nítorí pé ìlà-oòrùn ni Barros ní Ogané wà, bẹ́ẹ̀ ni apá àríwá-ìwọ̀-oòrùn Bìní ni Ilé-Ifẹ̀ wà. Àríyànjiyàn lórí Ogané kò tí ì tán. Lórí Uhe, kò sí àríyànjiyàn.

Ifẹ̀ náà kò gbàgbé orúkọ aládùúgbò rẹ̀. Ibì kan wà ní Ilé-Ifẹ̀ tí ń jẹ́ Ọ̀run Ọba Adó, níbi tí ìtàn sọ pé wọ́n ti ń sin orí àwọn ọba Bìní. Adó yìí ni orúkọ tí Ifẹ̀ ń pe Ẹ̀dó. Báyìí ni orúkọ ìlú méjèèjì ṣe wà lẹ́nu ara wọn, bí aṣọ tí aládùúgbò bá wa pa mọ́ sínú àpótí rẹ̀ tí a kò sì rántí mọ́ pé a ní in.

OWÓ ÀTI YÈYÉ

Ọ̀rọ̀ kejì tí ó yẹ kí á yẹ̀ wò ni "owó". Ní ẹkùn Oǹdó, Ìkálẹ̀ àti Ìlàjẹ, ìró kan wà tí Yorùbá inú ìwé kò ní, èyí tí àwọn onímọ̀ ń kọ ní "gh". Níbi tí Ọ̀yọ́ ti ń pe "w" nínú "owó", "gh" ni wọ́n ń pè. Ẹni tí kò mọ̀ á rò pé ọ̀fun ni ó ń dùn wọ́n. Ṣùgbọ́n ará Ẹ̀dó náà ń pe owó ní "igho". Bí ìlú méjì tí èdè wọn yàtọ̀ bá jùmọ̀ ní ìró kan nínú ọ̀rọ̀ kan náà, ó yẹ kí á fura pé ìró náà ti dàgbà. Ìdájọ́ àwọn onímọ̀ ni pé "gh" ni ó wà tẹ́lẹ̀, ìhà Ọ̀yọ́ ni ó sì sọ ọ́ di "w".

Ọ̀rọ̀ kẹta ni "yèyé". Ní Ifẹ̀, Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì, yèyé ni ìyá. Àlejò tí kò fetí sí ohùn lè ṣì í gbọ́ bíi yẹ̀yẹ́, tí í ṣe ẹ̀sín, kí ó sì bínú lásán. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí wà nínú àwọn oyè tí a ń fi dá obìnrin lọ́lá, ó sì wà nínú orúkọ Yemọja, èyí tí a sábà máa ń tú sí Yèyé-ọmọ-ẹja. Ọ̀rọ̀ tí ọmọdé ń fojú àìmọ̀wé wò nínú ilé ni gbogbo ilẹ̀ Yorùbá fi ń pe òrìṣà odò. Yemọja ti rékọjá òkun pẹ̀lú àwọn ẹrú dé Bùràsíìlì àti Kúbà, yèyé sì wà nínú orúkọ rẹ̀ níbẹ̀ pàápàá.

Ẹ̀kẹrin ni Ẹnuwá, gbàgede tí ó wà níwájú ààfin Ọọ̀ni. Ẹ̀yà méjì ni ọ̀rọ̀ náà ní: ẹnu, tí í ṣe ojú ọ̀nà ìwọlé, àti ọ̀wá. Ní ilẹ̀ Èkìtì, ọ̀wá ni wọ́n ń pe ààfin. Ẹnu-Ọ̀wá wà ní Èkó pẹ̀lú, níbi tí wọ́n ti ń fi ọba jẹ. Nítorí náà, ará Èkó tí kò mọ ìtumọ̀ Ẹnu-Ọ̀wá ní ìlú rẹ̀ lè wá bi àgbà ní Èkìtì. Ó yẹ fún àkíyèsí pẹ̀lú pé ilé ni "owa" ní èdè Ẹ̀dó. Ṣùgbọ́n ìjọra ọ̀rọ̀ kan péré kò tó láti sọ ẹni tí ó yá a lọ́wọ́ ẹni kejì.

Ọ̀RỌ̀ TÍ Ó RÌN JÌNNÀ

Àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tí wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ nílé, ṣùgbọ́n tí wọ́n di orúkọ lẹ́yìn odi. Ọ̀rẹ́ ni ìwé ń wí. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà tún mọ "olùkù", èyí tí í ṣe ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́. Ní Kúbà, "Lucumí" ni wọ́n ń pe àwọn ẹrú tí wọ́n wá láti ilẹ̀ Yorùbá, títí di òní ni a sì ń fi orúkọ náà pe ẹ̀sìn àti èdè orin wọn. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé "olùkù mi" ni. Ní Ìpínlẹ̀ Delta, ní ìlú Ugbodu àti Ukwunzu, àwọn ènìyàn kan wà láàárín àwọn tí ń sọ Igbo, tí èdè wọn jẹ́ ìbátan Yorùbá. Olùkùmi ni orúkọ wọn. Ní Bùràsíìlì, Nàgó ni wọ́n ń pe àwọn ọmọ Yorùbá, láti inú Anàgó, orúkọ ẹ̀yà kan ní ẹ̀bá ààlà Benin. Ní Atakpamé ní orílẹ̀-èdè Togo, àwọn kan wà tí àwọn mìíràn ń pè ní Anà, ṣùgbọ́n tí wọ́n ń pe ara wọn àti èdè wọn ní Ifẹ̀, tí wọ́n sì ń sọ pé láti Ilé-Ifẹ̀ ni àwọn ti ṣí wá.

NÍBI TÍ ÀÌMỌ̀ TI Ń DÁ ÌJÀ SÍLẸ̀

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìtàn nìkan ni èyí. Ó kan ìgbé-ayé ojoojúmọ́. Nínú Yorùbá inú ìwé, "ẹ wá" yàtọ̀ sí "wọ́n wá". Ní Gúúsù-Ìlà-Oòrùn, "àn án wá" lè jẹ́ èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ẹni tí ó bá ń gba ẹ̀rí ní ilé ẹjọ́, tàbí nọ́ọ̀sì tí ó bá ń bi aláìsàn léèrè ẹni tí ó gbé e wá, lè gbọ́ ohun tí a kò sọ bí kò bá mọ èyí.

Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀. Ní Ọ̀yọ́, "ẹ" ni ọmọdé fi ń bá àgbà sọ̀rọ̀, àfojúdi ni kí ó pè é ní "o". Ní àwọn ìlú kan ní ìhà ìlà-oòrùn, ọmọ a máa bá baba rẹ̀ sọ̀rọ̀ bí ẹnì kan ṣoṣo, kò sì sí ẹni tí yóò bínú, nítorí pé nínú ìdọ̀bálẹ̀, ìkúnlẹ̀ àti ohùn pẹ̀lẹ́ ni wọ́n ń wo ọ̀wọ̀. Ìyàwó tí a bá gbé láti ìhà kan lọ sí ìhà kejì lè di aláìlẹ́kọ̀ọ́ lójú àwọn àna rẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ kékeré yìí. Bí àwọn àna bá mọ̀ pé ẹ̀ka-èdè ni, wọn yóò kọ́ ọ ní tiwọn, wọn kò sì ní í bú u.

KÍ A ṢỌ́RA FÚN ÌTUMỌ̀ ÀFIPÁṢE

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ orísun ọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún ohun kan. Ìtàn dídùn kì í ṣe ẹ̀rí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa gé orúkọ ìlú wẹ́lẹwẹ̀lẹ, wọn a sì rán an pọ̀ bí ó ti wù wọ́n. Àwọn kan tilẹ̀ ń sọ pé ìfẹ́ ni Ifẹ̀ túmọ̀ sí. Ohùn ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ ni ó kọ̀ ọ́: ìfẹ́ ní ohùn òkè ní ìparí, Ifẹ̀ ní ohùn ìsàlẹ̀. Ìtàn tí àwọn àgbà Ifẹ̀ ń sọ ni pé láti inú "fẹ̀" ni ó ti wá, nítorí pé ibẹ̀ ni ilẹ̀ ti fẹ̀ nígbà ìwáṣẹ̀. Ìtumọ̀ yìí bá ohùn ọ̀rọ̀ náà mu. Ó tún bá ẹ̀ka-èdè mu, nítorí pé "ù" a máa ṣe ní Àárín Gbùngbùn iṣẹ́ tí "ì" ń ṣe nínú ìwé, láti sọ ọ̀rọ̀ ìṣe di ọ̀rọ̀ orúkọ: níbi tí ìwé ti fi "ì" mọ́ "fẹ̀", ará Ifẹ̀ fi "ù" mọ́ ọn, ó di Ùfẹ̀.

Ìlànà mẹ́ta ni ó yẹ kí á fi wọn ìtumọ̀ tí a bá gbọ́. Ǹjẹ́ ohùn rẹ̀ bá ọ̀rọ̀ náà mu? Ǹjẹ́ a rí irú ìyípadà bẹ́ẹ̀ nínú àwọn ọ̀rọ̀ mìíràn, tàbí nínú ọ̀kan yìí nìkan? Ǹjẹ́ aládùúgbò tí kò ní ìdí láti parọ́ jẹ́rìí sí i? "Ulé" yege nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

BÍ A TI LÈ PA Á MỌ́

Yunifásítì tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1962 ní orúkọ Ifẹ̀, tí ó kó wá sí Ilé-Ifẹ̀ láti 1967, tí a sì sọ ní orúkọ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní 1987, ní àwọn olùkọ́ tí wọ́n ń ṣe ìwádìí lórí ẹ̀ka-èdè. Ṣùgbọ́n olùkọ́ yunifásítì kò lè jókòó sí gbogbo ẹ̀bá ààrò. Ẹni tí ó wà nítòsí àgbà ni ó lè gbọ́ ọ.

Kò gba owó púpọ̀. Ìwé àjákọ kan àti pẹ́ńsù kan tó. Ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ni kí a kọ bí àgbà ti pè é gan-an, pẹ̀lú àmì ohùn, láìtún un ṣe. Kí a kọ ìtumọ̀ rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, àti gbólóhùn kan tí àgbà náà fi lò ó, nítorí pé ọ̀rọ̀ tí a kò lò nínú gbólóhùn dàbí ọkọ́ tí kò ní ẹ̀rú. Kí a kọ orúkọ abúlé tí a ti gbọ́ ọ àti ọdún tí a gbọ́ ọ. Kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí àwọn ohun tí ìwé kì í sábà dárúkọ: ẹ̀yà ìkòkò, ẹ̀yà aṣọ òfì, orúkọ ewé, orúkọ kòkòrò, orúkọ irú iṣu lọ́kọ̀ọ̀kan, àti ọ̀rọ̀ ìtùnú tí a fi ń rẹ ọmọ. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe jókòó sílé kí ó máa fi "u" dípò "i" fúnra rẹ̀. Ẹnu àgbà ni òfin.

Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kò ní láti fi Yorùbá inú ìwé sílẹ̀ kí ó tó lè ṣe èyí. Kí ó kọ "ilé" nínú ìdánwò, kí ó sì mọ̀ pé "ulé" ni ìyá ìyá rẹ̀ ń wí, àti ìdí tí ó fi ń wí bẹ́ẹ̀. Odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Bí ìyá àgbà bá tún wí pé "ulé" lálẹ́ yìí, kí ọmọ náà má ṣe rẹ́rìn-ín mọ́. Kí ó mú pẹ́ńsù rẹ̀, kí ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ tún un pè."

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ NÍNÚ YÀRÁ ÌKÀWÉ

1. Kí ni ó fà á tí ọ̀rọ̀ Ọ̀yọ́ fi pọ̀ ju ti àwọn ìlú mìíràn lọ nínú Yorùbá inú ìwé?

2. Báwo ni oyè Ọbalúfẹ̀ ṣe jẹ́rìí sí i pé Ùfẹ̀ ni àwọn ará ìlú náà ń pe ìlú wọn?

3. Kí ni ará Ẹ̀dó ń pe Ilé-Ifẹ̀, kí sì ni èyí kọ́ wa?

4. Kí olúkúlùkù mú ọ̀rọ̀ márùn-ún wá ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, tí àgbà ilé rẹ̀ ń lò tí kò sí nínú ìwé. Kí ẹgbẹ́ kà wọ́n sókè, kí wọ́n sì wò ó bóyá ará abúlé kejì mọ̀ wọ́n.